Òdìkejì Odò Sumida

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá dé Tókíyò ló máa ń gun ilé ìṣọ́ Skytree, tí wọ́n á wo ìlú láti òkè, tí wọ́n á ya fọ́tò, tí wọ́n á sì gba hòtẹ́ẹ̀lì wọn lọ. Ilé ìṣọ́ náà ga tó mítà 634, ojú sì ń tó ọ̀nà jíjìn láti orí rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ tó dúró sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Sumida, ẹsẹ̀ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òkè, kò ní gegele kankan tí yóò mú èèyàn mí hẹlẹ. Fífẹ̀ rẹ̀ kò pé kìlómítà onígun mẹ́rin 14, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì lé ní 270,000. Ẹni tó bá jáde láàárọ̀ láti gúúsù lè rìn dé òpin rẹ̀ ní àríwá kí oòrùn tó wọ̀, kó sì ráyè jókòó jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà.

Odò Sumida, tí àdúgbò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ló pààlà rẹ̀ níwọ̀-oòrùn. Odò Arakawa, tó fẹ̀ jù ú lọ fíìfíì, wà ní ọwọ́ ìlà-oòrùn. Àárín omi méjì yìí ni ilẹ̀ náà tẹ́ sí, àwọn ibì kan nínú rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ nígbà tí òkun bá kún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló bí gbogbo ìtàn yòókù. Ohun tí mo rí nínú ìrìn mi ni pé, láti nǹkan bí ọdún 350 sẹ́yìn, ohunkóhun tí ìlú ńlá kò bá fẹ́ nítòsí ààfin rẹ̀, ó ń gbé e sọdá odò síbẹ̀ ni: òkú tí kò ní ẹbí, ọlọ́lá tó ti tẹ́, oníṣẹ́ awọ, ilé iṣẹ́ tó ń rú èéfín. Àwọn tó sì rọ́ lọ síbẹ̀ ni iná àti omi máa ń kọ́kọ́ bá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí afárá Ryogoku. Afárá irin ni, 1932 ni wọ́n kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, ọkọ̀ ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò sí ẹwà kan tó yàtọ̀ lára rẹ̀. Ìdí tó fi wà níbẹ̀ ló yẹ ká mọ̀. Nígbà tí Tokugawa Ieyasu, tó padà di shogun, ìyẹn olórí ológun tó ń ṣàkóso Jàpáánì, dé ibi tí a ń pè ní Tókíyò lónìí ní 1590, Edo ni orúkọ ibẹ̀. Orí ilẹ̀ gíga tó wà níwọ̀-oòrùn ló fi odi àti ààfin rẹ̀ sí. Àwọn ìjòyè jagunjagun tẹ̀dó sórí àwọn òkè tó kù, àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ wá ń gbé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ létí omi. Lódìkejì odò, àbàtà àti esùsú ló kún ibẹ̀. Ìjọba shogun kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ afárá sórí odò náà, torí pé wọ́n kà á sí yàrà tó ń gba ìlú lọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n gbà láàyè, afárá Senju ti 1594, jìnnà sí àárín ìlú, ó wà lókè odò lọ́hùn-ún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 1657, iná ṣẹ́ yọ ní Edo. Òjò ti wọ́n tipẹ́, ẹ̀fúùfù líle ń fẹ́, ilé onípákó sì ni gbogbo ìlú. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, iná kò dáwọ́ dúró. Àwọn èèyàn sá dé bèbè odò Sumida, omi òtútù wà níwájú wọn, iná ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sí afárá. Ìtàn tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi lé ọmọ lọ́wọ́ ka àwọn tó kú sí ohun tó lé ní 100,000. Ilé gogoro tó wà láàárín odi shogun jóná pẹ̀lú, wọn kò sì tún un kọ́ títí di òní olónìí. Kò pé ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà tí afárá Ryogoku fi dúró. Ìjọba tó ń sọ pé afárá yóò jẹ́ kí ọ̀tá ráyè wọlé ti wá fojú ara rẹ̀ rí i pé àìsí afárá pa èèyàn ju ọ̀tá lọ.

Téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá náà, kò ní rìn jìnnà kó tó dé tẹ́ńpìlì Ekoin. Shogun Ietsuna ló ní kí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1657 kan náà, níbi kòtò ńlá tí wọ́n kó àwọn òkú iná sí, àwọn tí kò sẹ́ni tó lè dá ojú wọn mọ̀. Ẹ̀sìn Búdà ní ìjọ oríṣiríṣi ní Jàpáánì, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní tẹ́ńpìlì tó ń sin òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ekoin kì í bi òkú léèrè ìjọ. Láti ìgbà náà ló ti ń gba gbogbo ẹni tí kò rí ibi lọ: àwọn tó kú sẹ́wọ̀n, àwọn tó rì sómi, àwọn tí ilẹ̀ mì pa, títí kan ẹṣin, ajá àti ológbò. Èmi rí ìwà ọmọlúàbí nínú èyí ju ti ọ̀pọ̀ ààfin tí mo ti wọ̀ lọ.

Ibojì olè kan wà níbẹ̀ tí èrò kì í wọ́n níwájú rẹ̀. Nezumi Kozo ni wọ́n ń pè é. Ilé àwọn ìjòyè ló ń fọ́, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1832, àwọn mẹ̀kúnnù sì gbà pé ó máa ń pín owó náà fún tálákà. Òkúta funfun kan wà níwájú ibojì náà tí wọ́n dìídì gbé síbẹ̀ kí àwọn èèyàn máa ha á, kí wọ́n sì máa kó ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ fún oríire. Mo dúró wo ọmọbìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Ó fi òkúta wẹ́wẹ́ ha á kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó gba ìyẹ̀fun náà sínú bébà, ó ṣẹ́ bébà náà po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi há àárín ìwé rẹ̀, ó wá tẹrí ba. Àwọn tó ń múra ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé ló máa ń wá jù, torí pé olè náà mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ibi tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ni.

Ìjàkadì sumo tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdúgbò yìí, inú ọgbà tẹ́ńpìlì náà ló ti gbilẹ̀. Láyé ìgbà náà, tẹ́ńpìlì máa ń tọrọ àyè láti ṣe ìjàkadì kó lè fi owó ìwọlé tún ilé rẹ̀ ṣe. Ekoin ṣe é ní 1768, nígbà tó sì di 1833, ibẹ̀ ló di ojúkò rẹ̀ gan-an ní Edo. Ẹ̀gbẹ́ tẹ́ńpìlì yìí náà ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá àkọ́kọ́ sí ní 1909, Kokugikan, tí Tatsuno Kingo yàwòrán rẹ̀. Iná jó o ní 1917. Iná tún jó o ní 1923. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun gbà á, wọ́n ń ṣe bàlúùnù ńláńlá oníbébà nínú rẹ̀, èyí tó ń gbé bọ́ǹbù kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Lónìí, ilé ńlá mìíràn ló wà lórí ilẹ̀ náà. Òbìrìkìtì kan tí wọ́n fi sàmì sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí ló ń fi ojú ibi tí agbo ìjàkadì wà hàn. Kokugikan tuntun, ti 1985, wà ní ìhà kejì ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ń gba nǹkan bí 11,000 èèyàn, oṣù kìn-ín-ní, ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án ni wọ́n sì ń jà níbẹ̀. Láwọn oṣù yìí, ẹ ó máa rí àwọn ọ̀dọ́ ajìjàkadì lójú títì, aṣọ òwú ni wọ́n dì mọ́ra, bàtà onípákó wà lẹ́sẹ̀ wọn, òórùn dídùn ìpara irun wọn á ti ta sí yín nímú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Lẹ́yìn iná 1657 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn lọ sí òdìkejì odò. Wọ́n la ipadò sínú àbàtà náà, Tatekawa níhìn-ín, Kitajikken lọ́hùn-ún, wọ́n fi erùpẹ̀ tí wọ́n wú jáde gbé ilẹ̀ sókè. Ìdí nìyẹn tí òpópónà Honjo, ìyẹn apá gúúsù Sumida, fi tọ́ gbọọrọ, tí wọ́n ń gé ara wọn ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Ọ̀tọ̀ ni ti Mukojima, apá àríwá. Oko ìrẹsì ni ibẹ̀ jẹ́ títí ìlú fi bò ó mọ́lẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì ń tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń rìn ín. Kò sẹ́ni tó kó àwọn méjèèjì pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ kan àfi ní 1947.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó sọdá ni Kira Yoshinaka, ìjòyè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí mọ́. Ní 1701, ọ̀gá ilé Asano fa idà yọ sí i láàfin, wọ́n sì ní kí Asano pa ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n gba ilé Kira tó wà nítòsí ààfin, wọ́n fún un ní òmíràn ní Honjo, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ti jìnnà. Níbẹ̀ ni àwọn jagunjagun Asano 47 tí wọn kò ní ọ̀gá mọ́ ti wọlé tọ̀ ọ́ lóru òtútù oṣù kìn-ín-ní 1703, wọ́n sì gé orí rẹ̀ lọ sí ibojì Asano. Eré orí ìtàgé àti fíìmù tí wọ́n ti fi ìtàn yìí ṣe kò lóǹkà. Ilé náà fẹ̀ ju mítà onígun mẹ́rin 8,000 lọ nígbà náà; ohun tó ṣẹ́kù kò ju yàrá ńlá kan lọ, ògiri dúdú-òun-funfun yí i ká, kànga kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n ti fọ orí ọ̀hún. Àwọn ará àdúgbò ló dá owó jọ ra á ní 1934, tí wọ́n sì fi ta ìlú lọ́rẹ, kó má bàa pa rẹ́.

Honjo yìí náà ni wọ́n bí Hokusai sí ní 1760, ẹni tó yàwòrán ìgbì òkun ńlá tí ẹ ti rí lára aṣọ, lára ife, níbi gbogbo. Wọ́n ní ó kó kúrò nílé nígbà 93, síbẹ̀ àdúgbò yìí àti agbègbè rẹ̀ ló ń pòyì sí. Musíọ́mù tirẹ̀ ṣí ní 2016, Sejima Kazuyo ló yàwòrán ilé náà, páànù aluminiọ́mù tó ń dán ló fi bò ó. Ẹ wọ̀ ọ́. N kò ní dá yín dúró síbẹ̀, torí pé ibi tí ọkàn mi wà kò jìnnà síbẹ̀.

Ọgbà kékeré kan ni. Yokoamicho lorúkọ rẹ̀. Ní 1923, pápá gbalasa ni: ilé iṣẹ́ tó ń rán aṣọ ológun ti kó kúrò níbẹ̀, ìlú sì fẹ́ fi ṣe ibi ìgbafẹ́. Ní agogo 11:58 òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilẹ̀ mì. Àsìkò tí wọ́n ń se oúnjẹ ọ̀sán ni, iná wà lórí ààrò káàkiri ìlú. Iná ràn níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbo lèèyàn yóò sá sí ní Honjo, níbi tí ilé ti fara kan ilé? Pápá yẹn ni ọgbọ́n orí yóò júwe fún ẹnikẹ́ni. Nǹkan bí 40,000 èèyàn kó wọ ibẹ̀, wọ́n ti ọmọlanke, wọ́n ru ibùsùn, wọ́n gbé àpótí aṣọ, àwọn ìyá pọn ọmọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, iná ti ká wọn mọ́, ìjì oníná sì dìde láàárín wọn. Ẹrù tí wọ́n rò pé àwọn ti gbà là ló di igi ìdáná. Nǹkan bí 38,000 ló kú sórí pápá kan ṣoṣo yìí.

Ilé ìrántí tó wà níbẹ̀, tí Ito Chuta yàwòrán rẹ̀, ṣí ní 1930. Iwájú rẹ̀ dà bíi tẹ́ńpìlì, inú rẹ̀ ṣe gbọọrọ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ilé gogoro alájà mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀, eérú àwọn òkú ló wà nínú ìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni musíọ́mù kan wà pẹ̀lú àwọn ohun tí iná náà fi sílẹ̀. Èyí tó dá mi dúró ni ìṣó. Ìṣó ìkọ́lé lásán, ọ̀kẹ́ àìmọye, tí iná ti yọ́ pọ̀ di òkìtì kan tó ga, ó ti dípẹtà. Téèyàn bá sún mọ́ ọn, yóò ṣì rí orí àwọn kan àti ìdí àwọn mìíràn, gbogbo wọn dojú kọ ibi tó yàtọ̀, kò sí èyí tó lè kúrò lára ìkejì. Mo ti ka iye ìgbóná iná náà nínú ìwé, kò yé mi. Ìṣó yẹn ló jẹ́ kó yé mi.

Òkúta ìrántí kan tún wà nínú ọgbà náà tí ọ̀pọ̀ àlejò ń kọjá lára rẹ̀. 1973 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, àwọn ará Kòríà tí wọ́n pa lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì náà ló sì wà fún. Iná kò tíì kú nígbà tí ìròyìn èké gba ìlú pé àwọn ará Kòríà ń da májèlé sí kànga, pé wọ́n ń tiná bọlé. Kòríà wà lábẹ́ ìjọba Jàpáánì nígbà náà, iṣẹ́ alágbára ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe ní Tókíyò. Àwọn aráàlú di ìgbìmọ̀ ìṣọ́, wọ́n gbé igi, wọ́n gbé idà, wọ́n ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń ní kó pe ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé ahọ́n ará Kòríà kò lè yí dáadáa. Àwọn ológun àti ọlọ́pàá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀tàn ka àwọn tí wọ́n pa sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn ará Ṣáínà sì wà lára wọn. Létí Arakawa, ní Yahiro, tó wà nínú Sumida yìí kan náà, wọ́n pa wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú, òkúta ìrántí kékeré mìíràn sì wà níbẹ̀ láti 2009. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ìrántí ní Yokoamicho. Gómìnà Tókíyò a máa fi ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Láti 2017, wọ́n dá a dúró, àlàyé wọn sì ni pé ìsìn gbogbogbòò fún àwọn òkú tó gbogbo wọn. Kò tó. Ẹni tí ilẹ̀ mì pa àti ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ pa kì í ṣe òkú kan náà, ìlú tó bá sì kó wọn pọ̀ ń fi èyí tó lè tún ṣẹlẹ̀ pamọ́ sábẹ́ èyí tí kò sẹ́ni tó lè dí lọ́wọ́.

Lẹ́yìn 1923, wọ́n tún ìlú kọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n tuntun. Òpópónà fẹ̀, ọgbà ńláńlá jáde, Kinshi àti Sumida wà lára wọn, kí iná lè rí ibi tí yóò kú sí. Afárá irin bọ́ sórí odò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kototoi jẹ́ ti 1928. Kò pé ogún ọdún tí ogun fi bá gbogbo rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta 1945, agogo méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, nǹkan bí 300 ọkọ̀ òfurufú B-29 ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í da bọ́ǹbù oníná sórí ìlà-oòrùn Tókíyò. Wọ́n mọ̀ pé ilé onípákó ni, wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ kún, ìdí tí wọ́n fi yàn án nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nǹkan bí 100,000 èèyàn ti kú, àwọn tí kò nílé mọ́ tó mílíọ̀nù kan. Ní afárá Kototoi, àwọn ará Asakusa, tó wà níwọ̀-oòrùn odò, ń sá bọ̀ wá sí Mukojima, àwọn ará Mukojima ń sá lọ sí Asakusa, wọ́n pàdé láàárín, kò sí èyí tó lè sún síwájú tàbí sẹ́yìn, iná wá gba orí omi kọjá. Àìsí afárá ló pa àwọn baba ńlá wọn ní 1657. Lórí afárá ni àwọn ọmọ wọn kú sí. Àwọn òpó òkúta tó wà ní orí afárá náà ṣì wà níbẹ̀, ara wọn sì dúdú láti òru ọjọ́ náà; mo fọwọ́ kàn án, dúdú náà kò ràn mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ọgbà Kinshi, tí wọ́n ṣe kí èèyàn lè sá lọ síbẹ̀, ni wọ́n sin òkú tó lé ní 10,000 sí fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó eérú wọn lọ sí Yokoamicho. Ti 1923 àti ti 1945 jọ wà nínú ilé gogoro kan náà níbẹ̀ báyìí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 163,000.

Mo ti sọ̀rọ̀ iná púpọ̀, omi náà ní ìtàn tirẹ̀. Arakawa tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, èèyàn ló gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn omíyalé ńlá ti 1910, ìjọba pinnu láti la ọ̀nà mìíràn fún omi kó má bàa gba inú ìlú kọjá. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 22, fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 500, nǹkan bí 1,300 ìdílé ló sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un. Aoyama Akira, ẹnjiníà tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ipadò Panama, ló darí rẹ̀. Wọ́n parí iṣẹ́ náà ní 1930. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń dá omi òkè dúró, àwọn ilé iṣẹ́ ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ jáde, ilẹ̀ sì ń rì. Ibi tó kún fún iṣẹ́ ni Sumida: aago Seiko, ọṣẹ, gíláàsì, awọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ṣì ń ṣe títí di òní ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti lé àwọn oníṣẹ́ awọ jáde ní àárín ìlú láyé àtijọ́. Ní nǹkan bí 1970, ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 níbẹ̀. Òfin ló dá fífa omi abẹ́ ilẹ̀ dúró, ilẹ̀ sì dẹ́kun rírì, àmọ́ èyí tó ti rì kò gbéra mọ́.

Bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, a fi kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ní àríwá pátápátá, létí odò, ni mo ti rí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́nkéré kọ. Ilé Shirahige Higashi ni wọ́n ń pè é: ilé gbígbé 18, alájà 13, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn ju kìlómítà kan lọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1982. Àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀, wọ́n ń sá aṣọ síta bíi ti ilé èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n ògiri ni gbogbo rẹ̀. Bí iná bá ń bọ̀ láti inú àwọn ilé onípákó ìlà-oòrùn, wọ́n á ti àwọn ìlẹ̀kùn irin tó wà láàárín ilé sí ilé, wọ́n á pa àwọn fèrèsé pẹ̀lú irin, omi á máa tú jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á sì wà nínú ọgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, láàárín ilé àti odò. Pápá Yokoamicho ni wọ́n tún ṣe, pẹ̀lú ògiri tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò rẹwà. Èmi kà á sí ilé tó lọ́lá jù lọ ní Sumida, Skytree kò sì tó o.

Mo rìn padà wá sí Kyojima, àdúgbò kan ní Mukojima, tí iná 1923 àti ti 1945 kò jó tán. Ilé onípákó tí ìdílé mélòó kan jọ ń gbé lábẹ́ òrùlé kan ṣì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wọn lẹ́yìn 1923 fún àwọn tí ilé wọn ti jóná. Ọ̀nà ibẹ̀ há débi pé èèyàn méjì tó ṣí agbòòrùn kò lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan ká tirẹ̀. Ìkòkò òdòdó ló tò sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ fífa omi ọlọ́wọ́ wà láwọn kọ̀rọ̀ kan ní Mukojima, tánkì sì wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń gba omi òjò láti orí òrùlé. 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ ri irú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Murase Makoto, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà nígbà náà, wà lára àwọn tó ta kú lórí ọ̀rọ̀ omi òjò. Kokugikan fúnra rẹ̀ ní tánkì bẹ́ẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Bí ilẹ̀ bá mì, páìpù omi á ṣẹ́, àwọn panápaná kò sì lè gbé ọkọ̀ wọ ọ̀nà tóóró. Ohun tó bá wà nínú tánkì yẹn ni wọn yóò fi pa iná.

Ìyá àgbà kan ń bomi rin òdòdó rẹ̀ níbi ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Ó rí bí mo ṣe tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà, ó gbé apá ẹ̀rọ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fà á. Fóònù ló bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a sọ. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ti di ilẹ̀ òfìfo, wọ́n fi ọgbà irin yí i ká. Ìjọba ń wó irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń dá owó sí i fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ èyí tí iná kò lè jó, wọ́n sì ń fẹ ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán àti àwọn tó fẹ́ràn ilé àtijọ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn ohun tí mo rí ní Yokoamicho, ẹ̀yìn àwọn tó ń fẹ ọ̀nà ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà ọ̀nà tóóró yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá wó ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ilé gbé ní àdúgbò kan náà, láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Mo bi ìyá náà léèrè nípa omi. Ní 2018, ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ìlà-oòrùn Tókíyò, Sumida wà lára wọn, jọ gbé ètò kan jáde: bí odò bá ya, ilé nǹkan bí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ èèyàn lè wọmi, omi náà sì lè dúró fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láwọn ibì kan, nítorí náà kí wọ́n jáde kúrò ní agbègbè náà ṣáájú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjì Hagibis dé. Arakawa kún, wọ́n ti ìlẹ̀kùn omi Iwabuchi kó má bàa ya wọ Sumida. Odò kò ya. Àmọ́ ọkọ̀ ojú irin ti dáwọ́ dúró, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè kó mílíọ̀nù èèyàn jáde mọ́. Ìyá náà ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè lọ. Ó ní ẹgbẹ́ àdúgbò wọn mọ ilé tí ẹni tí kò lè dá rìn wà, wọ́n sì ti yan ẹni tí yóò lọ gbé oníkálukú wọn dé àjà kẹta ilé-ìwé. Mo bi í bóyá wọ́n yan ẹnì kan fún òun náà. Ó ní rárá, pé ilé méjì ni wọ́n yàn fún òun láti lọ.